Ẹ̀kọ́ Bàbá: Ta Ló Ń Kọ́ Ta Nínú Ewì Gabriel Okara?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ láàrin Ajah sí Ṣàngótẹ̀dó, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin tí ẹ kò ráyè gbọ́ ọ, tí ẹ ń kà á lórí fóònù, ẹ kú ìkàwé o. Ewì kan ṣoṣo la máa yẹ̀ wò lónìí, kò sì gùn. Ọ̀pọ̀ yín ló ti pàdé rẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí ẹ kọ ìdáhùn nípa rẹ̀ sínú ìwé ìdánwò, tí ẹ gba máàkì, tí ẹ sì gbàgbé rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ni "Once Upon a Time". Gabriel Okara ló kọ ọ́.

Ìdí tí mo fi ní ká padà sí i ni pé ìdajì rẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa. Wọ́n ní ewì nípa àṣà tó ń bàjẹ́ ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èèyàn méjì ló wà nínú ewì náà, bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹnì kan ṣoṣo la sì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kíláàsì. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn méjèèjì lónìí.

Ta ni Okara, kí ló sì ṣẹlẹ̀ nínú ewì náà?

Ọmọ Ijaw ni Okara. Wọ́n bí i ní 1921 ní Bumoundi, ní ilẹ̀ tó di Ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 2019, nígbà tó ku oṣù kan péré kó pé ẹni ọdún 98. Ewì tó kọ nípa odò Nun gba ẹ̀bùn níbi ayẹyẹ iṣẹ́ ọnà Nàìjíríà ní 1953. Nígbà tó yá, àkójọ ewì rẹ̀, The Fisherman's Invocation, wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn ewì Commonwealth ní 1979. Kì í ṣe akéwì kékeré rárá.

Nínú ewì tiwa yìí, bàbá ló ń sọ̀rọ̀, ọmọ rẹ̀ ló sì ń bá sọ ọ́. Mi ò ní ka ewì náà fún yín, mo kàn máa fi ẹnu ara mi ròyìn rẹ̀. Bàbá náà ní àsìkò kan wà rí tí ẹ̀rín èèyàn máa ń ti ọkàn wá. Ní báyìí, ẹnu nìkan ló ń rín in, ojú kò bá a lọ́wọ́ sí i. Ó ní bíbọ lọ́wọ́ náà ti yí padà: ẹni tó ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ti ń fi ọwọ́ kejì wá ohun tó wà nínú àpò rẹ. Wọ́n á ní kó o máa bọ̀ nílé àwọn nígbàkígbà, àmọ́ tó o bá lọ títí, wàá bá ilẹ̀kùn ní títì.

Kí ni bàbá náà wá ṣe? Òun náà kọ́ ọ. Ó ní òun ti ní ojú tí òun ń gbé wọ̀ nílé, èyí tí òun ń gbé lọ síbi iṣẹ́, èyí tí òun fi ń gba àlejò, bí ìgbà tí èèyàn ń pààrọ̀ aṣọ. Ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé inú àwọn dùn láti rí ẹni tí inú wọn kò dùn sí. Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ó ní ó ti sú òun. Nígbà tí òun bá rẹ́rìn-ín sí dígí, eyín ejò ni eyín òun ń jọ lójú òun. Ó wá bẹ ọmọ náà pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín, bí òun náà ṣe máa ń rín in nígbà tí òun ṣì wà lọ́mọdé.

Ewì náà parí síbẹ̀. Ọmọ kò fèsì.

Pọ́nna

Ẹ rántí ohun tí àwọn tíṣà Yorùbá ń pè ní pọ́nna: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ méjì. Tí mo bá ní "àwòrán bàbá mi", ó lè jẹ́ àwòrán tí ojú bàbá mi wà nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ èyí tí bàbá mi fi owó rà, ó sì lè jẹ́ èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Bákan náà ni "ẹ̀kọ́ bàbá". Ṣé ẹ̀kọ́ tí bàbá fún ọmọ ni, àbí ẹ̀kọ́ tí wọ́n fún bàbá?

Ibi tí ewì Okara dúró sí gan-an nìyẹn. Ní òkè ewì, bàbá ló ń kọ́ ọmọ: ó ń sọ fún un bí ayé ṣe rí, àti irú èèyàn tó yẹ kó ṣọ́ra fún. Nígbà tó fi máa dé ìsàlẹ̀, bàbá ti di akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ti di tíṣà. Kò sì sí ìlà kan pàtó tí o lè nawọ́ sí pé ibí yìí ni wọ́n ti pààrọ̀ ipò.

Ní ilé Yorùbá, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Bàbá lè fún ọmọ lówó, ó lè bá a wá iṣẹ́, ó lè sunkún níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí bàbá jókòó, kó ní "ọmọ mi, mo ti ń parọ́ láti ọjọ́ yìí wá, jọ̀ọ́, kọ́ mi bí mo ṣe máa jáwọ́", ẹ̀yin mélòó lẹ ti gbọ́ ọ rí? Lóòótọ́ a máa ń pa á lówe pé ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àmọ́ nígbà tí ọwọ́ àgbà ò bá wọ kèrègbè, kì í sábà bẹ̀bẹ̀. Ńṣe ló máa pàṣẹ pé, "Wá bá mi mú nǹkan tó wà nínú ibí yìí."

Inú

Okara ṣe nǹkan kan nínú ìwé ìtàn rẹ̀ The Voice, tó jáde ní 1964. Ó gba bí àwọn Ijaw ṣe ń to ọ̀rọ̀, ó sì fi ń kọ Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí òyìnbó ti máa sọ pé ọkàn tàbí èrò, "inú" ni àwọn èèyàn inú ìwé náà ń sọ. Inú ẹnì kan dùn, inú ẹnì kan dúdú. Ó ya àwọn òǹkàwé òyìnbó lẹ́nu. Tí àwa Yorùbá bá kà á, kò ní yà wá lẹ́nu, nítorí bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Inú ń bí mi. Inú rẹ̀ jìn. Ìfẹ́ yẹn ò dénú.

Ẹ wá fi "inú" ka ewì yìí. Ohun tí bàbá náà ń sọ ni pé ẹ̀rín òun kò ti inú wá mọ́. Tẹ́lẹ̀, inú àti òde jẹ́ ọ̀kan náà. Ní báyìí, òde ń ṣe tirẹ̀, inú ń ṣe tirẹ̀.

Ibí ni wàhálà wà. Ta ló lè rí inú? Ọlọ́run là ń pè ní Arínúróde, a kì í pe ọmọ èèyàn bẹ́ẹ̀. Bàbá yìí sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé kò sí irú ojú tí òun kò lè gbé wọ̀. Ó lè rẹ́rìn-ín sí ọ, ó lè kí ọ dáadáa, kí inú rẹ̀ má sì sí níbẹ̀. Ó wá ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ó dun òun, pé òun fẹ́ yí padà. Kí ni ọmọ náà máa fi mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀kan lára àwọn ojú náà, ojú "bàbá tó ronú pìwà dà"?

Àlọ́ tí kò ní ègbè

Ẹ tún wo àkọlé ewì náà. Bí òyìnbó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àlọ́ nìyẹn. Tiwa ni "Àlọ́ o!", àwọn ọmọ á sì dáhùn pé "Àlọ̀!" Lẹ́yìn náà ni ìjàpá àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ á wá jáde.

Bàbá yìí bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rín tó ti inú wá, ó sì kó o sínú àlọ́, ní ibi tí ẹranko ti ń fọhùn. Ṣé ohun tó ń sọ ni pé ó ti pẹ́ gan-an? Àbí ó ń sọ, láìmọ̀, pé irú ayé bẹ́ẹ̀ lè má tíì wà rí? Gbogbo wa la mọ àgbà tó máa ń ní ayé àtijọ́ dùn, pé kò sí olè, kò sí ọ̀tẹ̀. Tó o bá tún jókòó tì í pẹ́ díẹ̀, á wá ròyìn ìjà ilẹ̀ tí bàbá tirẹ̀ jà.

Èyí tó ká mi lára jù ni pé àlọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ẹni tó ń pa á nílò ẹni tó ń gbè é. Nínú ewì yìí, a kò gbọ́ ègbè kankan. A kò mọ ọjọ́ orí ọmọ náà. A kò mọ̀ bóyá ó ń gbọ́, bóyá ó ti sùn, bóyá ó ń wo bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àánú tàbí ẹ̀rù. Bàbá ní ọmọ yìí mọ ẹ̀rín rín. Ẹ̀rí bàbá nìkan la ní. A kò gbọ́ kí ọmọ náà rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọmọ tó sọ̀rọ̀ ní Amẹ́ríkà

Ewì kan wà ní Amẹ́ríkà tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí, nítorí òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. "My Papa's Waltz" ni wọ́n ń pè é. Theodore Roethke ló kọ ọ́, ó sì kọ́kọ́ jáde ní 1942. Bàbá Roethke ń gbin òdòdó tà ní ìlú Saginaw, ní Michigan. Ó kú ní 1923, nígbà tí Roethke ṣì jẹ́ ọmọ ọdún 14.

Nínú ewì yẹn, ọmọ ló ń sọ̀rọ̀, bàbá ni kò fọhùn. Bàbá ti mutí, ó gbá ọmọ rẹ̀ kékeré mú, wọ́n ń jó yí ilé ìdáná ká. Ìkòkò ń já bọ́, ìyá fajú ro. Etí ọmọ ń gbá irin bẹ́líìtì bàbá. Títí wọ́n fi gbé e lọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣì di aṣọ bàbá rẹ̀ mú gírígírí.

Láti ọdún yìí wá ni àwọn òǹkàwé ti ń jiyàn lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ijó ni, ọmọ ń rántí bàbá tó fẹ́ràn. Àwọn kan ní ìyà ni, ijó kàn jẹ́ orúkọ tí ọmọ náà fún un. Yorùbá ní tí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Nínú ewì Roethke, ọwọ́ méjèèjì ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ kò sì lè sọ èwo ni òsì, èwo ni ọ̀tún. Ó kàn di bàbá mú.

Ìdí tí mo fi mú un wá nìyí: nínú ewì méjèèjì, ẹnì kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀, ohun tí kò sì jẹ́ kó yé wa tán ni ìdákẹ́jẹ́ ẹnì kejì. Ká ní bàbá Roethke lè sọ tẹnu rẹ̀ ni, bóyá iyàn á parí. Ká ní ọmọ Okara fèsì, àwa náà á mọ ibi tí a dúró.

Ibi tí mo dúró sí

Ẹ máa bi mí pé, ìwọ ńkọ́, ṣé o gba bàbá yẹn gbọ́? Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà á gbọ́, nítorí dígí. Gbogbo ojú yòókù tó ń gbé wọ̀, nítorí ẹlòmíì ni. Kò sí ẹlòmíì nínú dígí. Kò sí oníbàárà, kò sí ọ̀gá, kò sí àlejò. Ohun tó rí nígbà tó dá wà ló wá sọ fún ọmọ rẹ̀, ohun tó sì rí kò wuyì. Ẹni tó fẹ́ kí ọmọ òun kan sáárá sí òun kò ní fi eyín ara rẹ̀ wé ti ejò.

Ṣùgbọ́n pé mo gbà á gbọ́ kò sọ pé ẹrù tó gbé lé ọmọ náà lórí kò wúwo. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò. Tí mo bá ní kó o kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mí, láti ìṣẹ́jú yẹn, mímí tìrẹ á bẹ̀rẹ̀ sí ni ọ́ lára. Wàá máa ṣọ́ imú rẹ. Ọmọ tí wọ́n ní kó kọ́ni ní ẹ̀rín á bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ ẹnu ara rẹ̀. Á máa bi ara rẹ̀ pé, ṣé èyí dénú báyìí? Bí ẹ̀rín gidi ṣe ń bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́ nìyẹn. Bàbá náà nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí ìfẹ́ yẹn gan-an gba ohun tó wá tọrọ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rò pé òtítọ́ ni méjèèjì, ìyẹn ni mi ò ṣe lè gbà pé ewì nípa àṣà nìkan ni.

Ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí ńkọ́?

Ẹ̀yin ará ibí, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni mo ń sọ. Ní etí òkun tiwa níbí, ọ̀pọ̀ bàbá tó ti dàgbà ló bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀n ẹja, oko ẹ̀gẹ́ àti igi àgbọn. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ di wúrà. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, wọ́n ṣí èbúté omi jíjìn. Ní oṣù karùn-ún, wọ́n ṣí iléeṣẹ́ ìfọpo Dangote, tí wọ́n kọ́ láti máa fọ àgbá epo rọ̀bì 650,000 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé rárá, àwọn tó ń ra ilẹ̀ ti ń kan ilẹ̀kùn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bàbá tó mọ ẹja pípa wá ní láti ní ojú oríṣiríṣi. Ojú tó máa gbé lọ síbi ìpàdé ẹbí, ojú fún lọ́yà, ojú fún ẹni tó ń rà, ojú fún àbúrò tó ń béèrè pé èló ni wọ́n pín. Òun náà kọ́ ọ, bíi bàbá inú ewì.

Ibi tí tiwa ti yàtọ̀ nìyí. Bàbá Okara rò pé ọmọ òun ṣì ní ẹ̀rín gidi. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ti di éjẹ́ǹtì. Òun ló dúró nínú igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ro, tó gbé fóònù sókè, tó ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà pé ilẹ̀ yìí ní gásẹ́ẹ̀tì, kò jìnnà sí títì, ẹ tètè wá san owó. Òun ló ń pe oníbàárà ní London tí kò rí rí ní "ẹ̀gbọ́n mi àtàtà". Mi ò bú u o. Iṣẹ́ ni, ó sì ń bọ́ ilé. Àmọ́ tí bàbá rẹ̀ bá wá bá a lónìí, tó ní "ọmọ mi, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín", ẹ̀rín wo ló máa kọ́ ọ?

Mo rò pé ẹ mọ ìdáhùn. "Dádì, ẹ gbé fóònù sókè díẹ̀. Ẹ wo ibi kámẹ́rà. Ẹ ṣí eyín." Ọmọ kọ́ bàbá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín orí dígí ló kọ́ ọ. Èyí ni mo fi ní ewì náà ṣì ń dán wa wò. Okara fi bàbá tó pàdánù nǹkan síwájú ọmọ tó ṣì ní in. Àwa wà níbi tó ṣeé ṣe kí àwọn méjèèjì ti pàdánù rẹ̀, kí wọ́n sì máa bá ara wọn ṣọ́jà pọ̀.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé fún yín

Ẹ lọ wá ewì náà, kò ní gba ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, ẹ kà á bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kà á bí ẹni tó ń ráhùn, tó fẹ́ kí wọ́n ṣàánú òun. Ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà gba ohùn méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ara yín sípò ọmọ náà, kí ẹ wá èsì tí Okara kò kọ.

Èmi ti wá tèmi. Mi ò rò pé ó yẹ kí ọmọ náà kọ́ bàbá ní ohunkóhun. Ẹ̀rín kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tí èèyàn ń fi kọ́ ẹlòmíì. Tí bàbá bá ti bẹ̀rẹ̀ àlọ́, ohun tó nílò kò ju kí ẹnì kan gbè é lọ. Ọmọ náà lè jókòó, kó ní "Àlọ̀, Bàámi. Mò ń gbọ́ yín." Bóyá bàbá máa sọ ìyókù, èyí tí kò sí nínú ewì: ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín tí kò dénú, ẹni tó rín in sí, àti ohun tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ onítọ̀hún. Bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún bá dé ibi tó ń pani lẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì á rín in, kò sì ní sí tíṣà níbẹ̀.

Ẹ fi èsì tiyín ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú ohùn yín, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe é bí ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.